Àtàǹpàkò Olùtùnú

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìyá Ìbíyẹ ti kúrò ní àwọ̀ ewé kí n tó dé ojú fèrèsé. Ó ti di àwọ̀ ìyeyè, mo sì ní títí di agogo méje láti mú un padà. Bí ẹ̀gbà bá wà ní àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn Garawa á ṣí fún ẹni tó wọ̀ ọ́, á sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ nísàlẹ̀ òkun. Bó bá ti di pupa, ilẹ̀kùn kò ní ṣí, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tó, wọ́n á sì wá bi mí pé kí gan-an ni mo ń jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ fún.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ó ní. "Ṣé ẹ ti gbúròó ilé?"

Mo dá a lóhùn pé ibà ọmọ náà ti ń lọ sílẹ̀. Irọ́ ni mo pa, n kò gbúròó ẹnikẹ́ni láti àná. Mo yára dọ́gbọ́n yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní mo gbọ́ pé Dẹ̀hìndé, ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́, tún hanrun mọ́jú, pé gbogbo ẹja àdúgbò ti kó ẹrù wọn lọ sí Gánà. Dẹ̀hìndé gbọ́ lórí ibùsùn rẹ̀ níbi tó ti ń tọ́jú ọwọ́ tó jóná, ó sì na ẹ̀ṣẹ́ sí mi. Ìyá Ìbíyẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbà rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ ewé, èmi náà sì mí kanlẹ̀.

Àwọn mẹ́fà ló ń gbé inú Àgbá. Ọ̀pá irin ńlá kan ni, ó wà lórí pèpéle tí ilé-iṣẹ́ gbé ka orí omi, wọ́n sì ti fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ títí ó fi wúwo bí ìsàlẹ̀ òkun, kí ara àwọn òṣìṣẹ́ lè gba ibú láìsí wàhálà. Dígí tó nípọn tó ìka mẹ́rin ló wà láàárín èmi àti wọn. Mo ń rí irun ìpéǹpéjú wọn. Síbẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ jáde wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n máa fi tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkánjú jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á hó bí ẹ̀kọ tó wà lórí iná. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fẹ́ tún un rí.

Afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí à ń mí. Ó máa ń sọ ohùn ènìyàn di tín-ín-rín bíi ti ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀rọ kan tó wà lẹ́nu fèrèsé ló ń tún un ṣe kó tó dé etí mi. Ẹ̀rọ náà kò sí nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ láti ibi iṣẹ́, ohùn pẹ́pẹ́yẹ ló máa ń fi sọ ọ́, bó ti wù kó jẹ́ gbajúmọ̀ tó.

Mo yí pátákó ẹ̀yìn mi. Ojú mẹ́ta ló ní: àgbélébùú wà ní ojú kan, òṣùpá àti ìràwọ̀ wà ní ojú kejì, ìkẹta sì jẹ́ àwòrán òkè tí omi ń dà láti orí rẹ̀, fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àgbélébùú ni mo kọ sí Ìyá Ìbíyẹ. A ka Sáàmù kan, ó ṣe Àmín, ó lọ múra. Òkun ń ru díẹ̀, wọ́n sì ní Garawa kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí di agogo mẹ́wàá.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Èmi, Jólàádé Ṣówándé, olùṣọ́-àgùntàn ni mí fún ogún ọdún. Ìgbà tí Òfin Ìbàlẹ̀-Ọkàn jáde, pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní ju àádọ́ta òṣìṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ ní Olùtùnú tirẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ mi rí i pé àdúrà ti wà níbi iṣẹ́, kò sì sí ìdí láti tún ná ọjọ́ ìsinmi sórí bẹ́ǹṣì mi. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo. Wọ́n sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń gba iná sí bátìrì. Èmi náà bá tẹ̀ lé agbo mi lọ síbi tí wọ́n lọ. Mo fi oṣù mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ tó ní nọ́ńbà bíi ti ọkọ̀. Ó di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń tu àwọn ará Àgbá nínú, n kò sì tíì ní ẹ̀gbà pupa kan ṣoṣo rí. Mo máa ń fi yangàn.

Agogo mẹ́jọ ni Ìyáàfin Akínfẹ́nwá wọlé. Òun ni ọ̀gá pátápátá lórí pèpéle. Obìnrin tó mọ ẹ̀kọ́ ilé ni, kò sí ọjọ́ kan tó pàṣẹ fún mi tí kò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi. Lọ́jọ́ yẹn ó kúnlẹ̀, kò sì tètè dìde.

Ó ní ìyá àgbà tí Ìbíyẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pè láti Ìgbókọ̀dà. Ó ní Ìbíyẹmí kú ní ìdájí, wọ́n sì fẹ́ sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ ọ́n nínú fóònù, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, ó sì máa ń pè mí ní Bàbá Inú Dígí. Mo jókòó. N kò gbàdúrà, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ọjọ́ Àìkú.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ìròyìn àìsàn náà dé. Ibà omi ìkún ni, irú èyí tó ń pa ọmọdé láti ìgbà tí òkun ti dé ẹ̀yìnkùlé Ìgbókọ̀dà. Dókítà sọ fún ìyá àgbà pé òun kò rò pé ọmọ náà á lo ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀gá sọ fún mi. Mo lọ sójú fèrèsé, mo sì sọ fún ìyá ọmọ pé ibà díẹ̀ ni, pé oorun ni ọmọ máa ń sùn lọ́sàn-án, òun ni kò ṣe rán ohùn sí i mọ́ bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ní bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn òun balẹ̀. Ìlànà Kẹrìnlá ni mo tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ìlànà Kẹrìnlá ṣe wáyé, nítorí èmi ni mo bí i. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn Olùtùnú, olùkọ́ kan bi wá bí àwọn baba wa ṣe ń túfọ̀. Mo nawọ́. Mo ní a kì í já ikú lu ènìyàn lórí ìdúró. Bí bàbá ẹni bá kú, tí ọmọ wà lọ́nà jíjìn, a ó ránṣẹ́ sí i pé ara bàbá kò yá díẹ̀, kó máa bọ̀ nílé. Á dé, wọ́n á fún un lómi mu, àgbà mẹ́ta á yí i ká, ẹnìkan á di ọwọ́ rẹ̀ mú, nígbà náà ni wọ́n á tó là á fún un. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìwé ìlànà jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo bá ọ̀rọ̀ mi nínú rẹ̀: gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn baba wa, a kò gbọdọ̀ sọ ìròyìn àìsàn líle tàbí ikú fún òṣìṣẹ́ títí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi parí. Wọ́n ti yọ omi mímu kúrò. Wọ́n ti yọ àgbà mẹ́ta kúrò. Wọ́n ti yọ kó máa bọ̀ nílé kúrò. Mo rí i, inú mi sì dùn, torí wọ́n kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ìyáàfin Akínfẹ́nwá gbé wàláà dígí rẹ̀ kalẹ̀ níwájú mi. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá bàbá tó bí i sọ̀rọ̀. Ìgbì ńlá oṣù Òkudù ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹnu-ọ̀nà kan ló kù tí wọn kò tíì dí lára Ògiri Òkun tí à ń kọ́ láti dá omi dúró, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Wẹ́dà méjì ló wà nínú Àgbá, Dẹ̀hìndé kò sì lè di nǹkan mú. Ìyá Ìbíyẹ nìkan ló kù. Bó bá gbọ́, ẹ̀gbà á di pupa, ilẹ̀kùn á tì pa, kò sì sí ẹ̀dá tó lè fi ipá ṣí i. Kó má baà fura, ó yẹ kó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án òní. Ẹ̀rọ ti ní ohùn Ìbíyẹ fún ọdún méjì, ó lè sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, ó sì lè dáhùn bí wọ́n bá bi í ní nǹkan. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí wọ́n lo ohùn òkú láìjẹ́ pé Olùtùnú tẹ àtàǹpàkò sí i.

Mo bi í pé bí mo bá kọ̀ ńkọ́.

"Bàbá, ọmọ ti lọ," ó ní. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin ènìyàn ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ìyá tó bí mi wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀, n kò ní fi ipá mú yín. Àmọ́ ẹ̀yin náà ni kí ẹ wá sọ fún mi, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún pé omi ń bọ̀?"

Mo ní ìyá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọmọ òun kú. Ó ní á mọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lórí ilẹ̀, pẹ̀lú àgbà mẹ́ta àti omi tútù, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn. Ó ní bí wọ́n bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ Àgbá ní ìṣẹ́jú yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa tó jáde, ibojì á ti gbẹ. Ó tún ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, pé ṣebí nílẹ̀ wa ìyá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ohun tó sọ, ìyẹn ló sì burú jù.

Mo lè sọ fún yín pé ìlú ni mo rò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo ro ìlú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ọwọ́ mi gan-an ni pé bí Ìyá Ìbíyẹ bá gbọ́ nípa òní, á bi mí nípa ọjọ́ Àìkú. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé dígí. Ó tutù. Ọ̀gá tún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n bíi ti ẹni tó ti sunkún kó tó wá.

Ní agogo mẹ́wàá ku díẹ̀, mo padà sójú fèrèsé. Ìlànà ni pé Olùtùnú gbọ́dọ̀ sin òṣìṣẹ́ dé ẹnu Garawa, kó súre fún un. Ìyá Ìbíyẹ ti wọ aṣọ omi rẹ̀ dé ọrùn, akoto rẹ̀ wà ní abíyá. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́kàn mi ní ìgbà mẹ́wàá: Ìyá Ìbíyẹ, iṣẹ́ á rọrùn, àlọ rẹ á dára, àbọ̀ rẹ á sunwọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún un ní ọgọ́rùn-ún àárọ̀ ni.

Mo la ẹnu.

"Bọ́sẹ̀dé," mo ní, "iṣẹ́ á rọrùn."

N kò mọ ibi tó ti wá. Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́, mo ti rí i nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún mẹ́ta n kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ lórí pèpéle. Níbi tí wọ́n bí mi sí, lọ́jọ́ tí ọmọ bá kú, kò sí ẹni tó máa fi orúkọ ọmọ náà pe ìyá rẹ̀. Ẹnu ènìyàn kì í gbà á. Irọ́ rọ̀ mí lọ́rùn láti pa, àtàǹpàkò rọ̀ mí lọ́rùn láti tẹ̀, àmọ́ ahọ́n mi kò gbé orúkọ yẹn.

Ó dúró. Ó rọra gbé akoto kalẹ̀ lórí àga.

"Ta ni Bọ́sẹ̀dé, bàbá?"

Mo ní òun ni mo ń bá wí, pé ọjọ́ ogbó ni, pé orúkọ ti ń dàpọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní kí n pe òun bí mo ṣe máa ń pe òun. Mo gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde, "Ìyá," èkejì há sí mi lọ́fun. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mẹ́rin tí wọ́n ń ta ayò dá ọwọ́ dúró, Dẹ̀hìndé sì dìde lórí ibùsùn. Ọmọ Ìlàjẹ ni gbogbo wọn. Kò sí èyí tó nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ìgbà wo?" ó ní.

"Ní ìdájí òní."

Ẹ̀gbà rẹ̀ yí sí àwọ̀ ìyeyè. Mo ń wò ó, mo ń dúró de pupa, mo sì ti ń ro ohun tí màá sọ fún ọ̀gá. Pupa kò dé. Ó di ojú, ó fa èémí sínú títí, ó dá a dúró, ó sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Nígbà tó la ojú, ẹ̀gbà ti padà sí àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ ni omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mo bi í bó ṣe ṣe é.

Dẹ̀hìndé ló dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn. Ó ní gbogbo àwọn ló mọ̀ ọ́n ṣe, láti ọdún kìíní. "Bí tiwa bá di pupa, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè sí ọ́fíìsì," ó ní. "Àgbàlagbà ni yín. A ò fẹ́ kí wọ́n lé yín lọ."

Ọdún mẹ́ta. Gbogbo àwàdà mi, gbogbo Sáàmù, ẹja tó kó lọ sí Gánà. Àwọn ni wọ́n ń tù mí nínú. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dì mọ́ ọ̀rọ̀ tó bá sáà ti wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n ń sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, tí mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì mi.

"Omi ló dànù," mo ní, "agbè kò—"

"Ẹ má sọ ọ́."



Ó súnmọ́ dígí títí èémí rẹ̀ fi bò ó. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí mo ní ibà díẹ̀ ni. Mo ní mo mọ̀. Ó bi mí ohun tí dókítà sọ, mo sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, n kò fi nǹkan kan pa mọ́, torí kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń ka ìka. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Ó dúró lórí ìka kẹrin.

"Àná ni ǹ bá jáde," ó ní. "Ǹ bá bá a. Ǹ bá gbé e lé ẹsẹ̀ mi."

Kò pariwo, kò sì bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá dúpẹ́. Mo ní kó jókòó, pé kó má lọ síbi iṣẹ́, pé màá lọ sọ fún ọ̀gá fúnra mi pé èmi ni mo jẹ́ kó mọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohùn tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ọ̀sán, ẹ̀rù sì bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo sọ ìyẹn náà fún un. Mo ní mo ti tẹ àtàǹpàkò sí i, àmọ́ màá lọ fà á padà. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó da epo sílẹ̀.

Ó bi mí ibi tí wọ́n máa sin Ìbíyẹ sí. Mo ní ọ̀gá sọ pé lẹ́bàá ilé ìyá àgbà ni, ní Ìgbókọ̀dà. Ó mi orí. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, omi wọ ìlú àwọn lóru ọjọ́ kan, ó sì hú àwọn òkú síta. Ó ní òun rí bàbá bàbá òun tó léfòó lẹ́yìn ilé pẹ̀lú aṣọ òkè tí wọ́n fi sin ín.

"Òkun kò ní hú Ìbíyẹ," ó ní, ó sì gbé akoto rẹ̀.

Ó na ẹ̀gbà sí ilẹ̀kùn. Àwọ̀ ewé. Ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn tó kù dìde dúró fún un, Dẹ̀hìndé sì fi ọwọ́ rẹ̀ tó sàn kàn án léjìká bó ṣe ń kọjá. Èmi kò súre. Wàláà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dún kín-ín, ó kọ ọ́ sójú pé ìtùnú ti yọrí láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá, pé mo káre.

Mo sá lọ bá ọ̀gá. Mo rò ó fún un, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó wo dígí tirẹ̀, ó rí ẹ̀gbà tó wà ní àwọ̀ ewé, ó rí Garawa tó ti dé ìsàlẹ̀, ó rí iná wẹ́dà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lẹ́nu-ọ̀nà ògiri. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé obìnrin náà gbọ́. Mo ní ó gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó pa ohùn náà. Ó gbìyànjú, mo jẹ́rìí rẹ̀, ó tẹ ibí ó tẹ ọ̀hún, kò gbà. Òfin ló ṣe é bẹ́ẹ̀: àtàǹpàkò Olùtùnú kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn lè fà yọ bó ṣe wù ú, àfi lẹ́yìn ọjọ́ kan. Wọ́n ṣe é láti fi dáàbò bo òkú ni, kí ọ̀gá kan má baà máa ti Olùtùnú síwá sẹ́yìn. Èmi náà wà lára àwọn tó dìbò fún un.

Mo padà sínú yàrá mi, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí. Dandan ni pé kí n máa gbọ́ bí ohùn òkú bá ń sọ̀rọ̀. Àwọn márùn-ún inú Àgbá kó ara wọn jọ sójú dígí, wọ́n sì ṣí ẹ̀rọ tiwọn náà. Kò sí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ iná tó ń jẹ irin.

Agogo méjìlá lù.

"Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ohùn náà wí. "Ìbíyẹ ni."

Ó gbóná, ó sì mọ́. Kódà wọ́n fi súfèé kékeré tí eyín tó ká máa ń mú wá sínú rẹ̀. Iná wẹ́dà kú. Lẹ́yìn náà, Ìyá Ìbíyẹ dáhùn, ohùn rẹ̀ sì jáde ní tín-ín-rín, bíi ti ọmọdé kan tó kéré sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Ìbíyẹ."

"Màámi. Ara mi ti ń yá. Ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni mo wà."

"Mo mọ̀," ó ní. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ibojì. "Ìbíyẹmí. Bí o bá dé ọ̀hún, má jẹ ọ̀kùn, má jẹ ekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ."

Ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú dígí, Dẹ̀hìndé fi ọwọ́ tó jóná bo ojú rẹ̀.

"Ó dáa, màámi," ni ohùn náà wí, tayọ̀tayọ̀. "Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Mo dìde dúró. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìdìde náà ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín èmi àti obìnrin yẹn, àti òkun, àti ohun tí mo ti ṣe.

"Jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn yìí ná, ọmọ mi," ó ní, iná rẹ̀ sì tún tàn.

Ẹ̀gbà rẹ̀ wà lójú dígí mi, ó ń tàn ní àwọ̀ ewé roro. N kò gbà á gbọ́ mọ́, n kò sì ní ohun mìíràn tí mo lè fi mọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà.